Ìṣákọ́lẹ̀ Gáàsì

Bí a bá ń kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, ẹ̀rọ amúlétutù kì í pẹ́ yọjú. Gbogbo wa la ti tú u palẹ̀ nínú ìdánwò: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, lẹ́yìn náà mú, ilé, tutù. Ohun tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè rí ni ìdí tí kò fi sí ẹ̀rọ amúlégbóná. Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ta ló fẹ́ mú ilé gbóná ní ilẹ̀ Yorùbá? Ní Odòde Ìdànrè tí mo ti wá, bí ọyẹ́ bá mú, aṣọ la máa ń wọ̀ kún aṣọ, oòrùn yóò sì parí ìyókù kó tó di aago mẹ́wàá. Oúnjẹ ni gáàsì wà fún. Sílíńdà la máa ń gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọ́n, a ó ra iye kílò tí agbára wa ká, a ó sì gbé e sórí ọ̀kadà padà sílé. Kò sẹ́ni tó ń kọ bíìlì gáàsì sí wa.

Bíìlì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ń gbé ní Leeds ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọkọ wọn àti àwọn ìbejì wọn tí kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dé, yàrá kan ni wọ́n gbà nínú ilé tí owó gáàsì àti iná ti wà nínú owó ilé, nítorí náà wọn kò mọ ohun tí òtútù ń ná ènìyàn. Ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n kó lọ sí ilé tiwọn, ilé bíríkì àtijọ́ kan tó so mọ́ ti aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì. Ilé yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba bíìlì gáàsì.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, wọ́n pè wá lórí WhatsApp. Ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà, ètè gbogbo wa ti là. Ohun tí màmá mi kọ́kọ́ rí ni fìlà lórí ẹ̀gbọ́n mi.

“Ṣé ìta lo wà ni?”

“Rárá, Màmá. Inú ilé ni mo wà.”

“Kí ló dé tí o fi dé fìlà sínú ilé?”

Ikọ́ ọmọdé ló kọ́kọ́ dáhùn, ti ìkan, lẹ́yìn náà ti ìkejì. Ọ̀rọ̀ wá jáde díẹ̀díẹ̀. Bíìlì ti dé: £155.63 fún gáàsì nìkan, láàárín ọjọ́ 31. Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn nígbà yẹn mú kó sún mọ́ ₦300,000. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí i ni wọ́n ti pa hítìn pátá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, bọ́n-ín-bọ́n-ín sì ni omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ. Wọ́n ra hítà kékeré kan tó ń lo iná mànàmáná, òun ni wọ́n ń gbé láti yàrá dé yàrá. Màmá mi ní kí wọ́n tan hítìn padà nítorí àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Màmá, owó ilé-ìwé àbúrò mi ni mo ń tọ́jú.”

Èmi ni àbúrò yẹn. Mo jókòó ti màmá mi, mo gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ gírámà mọ̀ dáadáa. Nínú èdè wa, òtútù ni olùwà, ènìyàn ni àbọ̀: òtútù ń mú mi. Bí ebi ṣe ń pa ènìyàn, tí oorun ń kùn ún, bẹ́ẹ̀ náà ni òtútù ṣe ń mú un. Ìta ló ti ń wá, ó ń wá ẹni tí yóò mú. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí màmá mi kò fi lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lójú wọn, nǹkan kan ti mú àwọn ọmọ-ọmọ wọn, owó tí wọ́n fi lè gbà wọ́n sílẹ̀ wà, èmi ni mo sì jókòó lé e.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi gbogbo ojú-ìwé bíìlì náà ránṣẹ́, kì í ṣe ojú-ìwé kìíní tí iye owó wà nìkan. Mẹ́rin ni. Mo kà á bí a ṣe máa ń ka àyọkà nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, mo sì ń ko gbogbo ohun tí kò bá yé mi sínú ìwé. N kò mọ nǹkan kan nípa gáàsì òyìnbó. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí àyọkà kan bá le, ibi kékeré ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà.

Lẹ́tà kan ni kọ́kọ́rọ́ tèmi. Ní ẹ̀gbẹ́ iye tí wọ́n ní mítà kà ní ìparí oṣù, wọ́n kọ E. Ní ẹ̀gbẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni lẹ́tà tó wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ ojú-ìwé kẹta, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní, wọ́n ṣàlàyé pé E túmọ̀ sí pé wọn kò ka mítà. Wọ́n fojú dá a ni.

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. “Àfojúdá! Àwọn náà ń ṣe é?” Kò sí ẹni tó gbé ní ìlú wa kí mítà alásansílẹ̀ tó dé tí yóò ní kí a túmọ̀ àfojúdá fún òun. Gbogbo wa la rántí bíìlì iná tó máa ń dé ní oṣù tí iná kò wá. Màmá mi rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ lókè òkun. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta gáàsì fún ẹ̀gbọ́n mi wo ohun tí àwọn tó gbé ilé náà ṣáájú máa ń lò, wọ́n sì fi 2,300 yúnìtì lé wọn lórí. Mítà inú ilé yẹn jẹ́ ti àtijọ́, kì í fi iye tó kà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé ló gbọ́dọ̀ máa kà á kó sì fi ránṣẹ́. Ẹni tó gba ilé fún wọn kò sì sọ èyí fún wọn.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù jáde lọ síbi àpótí mítà tó wà lára ògiri ìta, wọ́n yà á ní fọ́tò. Iye tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé wà nínú ìwé àdéhùn ilé. A yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: 134.

Ẹ dúró, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọnù. Iye tí mítà kà kọ́ ni iye tí a ń sanwó lé lórí. Bí gáàsì ṣe pọ̀ tó ni mítà ń kà, ní kúbíìkì mítà. Ooru tó wà nínú gáàsì náà ni wọ́n ń tà, ní kWh, ìyẹn yúnìtì kan náà tí a ń rà sínú mítà alásansílẹ̀ níbí. Láti yí ọ̀kan padà sí èkejì, ẹ ó fi 1.02264 sọ iye mítà di púpọ̀, ẹ ó tún fi ìwọ̀n agbára gáàsì náà sọ ọ́ di púpọ̀ (ó máa ń wà lórí bíìlì, ó sì sábà máa ń wà ní àyíká 39.5), ẹ ó wá fi 3.6 pín in. Ọ̀nà àbùjá ni kí ẹ fi 11.2 sọ ọ́ di púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ wo ojú mítà: àwọn kan tó ti pẹ́ gan-an ń ka ọgọ́rùn-ún kúbíìkì ẹsẹ̀, ti àwọn yẹn á tó 31.7. Ẹni tó bá lo ọ̀kan dípò èkejì ti fi ìṣirò rẹ̀ ṣòfò.

134 wá di nǹkan bí 1,504 kWh. Iye tó pọ̀ jù lọ tí Ofgem, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn olùtà gáàsì àti iná, fàyè gbà láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta 2025 jẹ́ 6.34p fún kWh gáàsì kan, ní ìpíndọ́gba, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sì ń san nìyẹn. £95.35 nìyẹn. Ó kù £9.81 tí ó yẹ kí n ṣàlàyé.

Owó yẹn ni wọ́n ń pè ní standing charge. 31.65p ni lójoojúmọ́, ì báà tan gáàsì, ì báà má tan án, ì báà lọ sí Nàìjíríà fún oṣù mẹ́ta. Mo gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi. Mo ní “owó ìdúró”, wọ́n ní ta ló dúró? Mo ní “owó àìyẹsẹ̀”, wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ń ka oríkì. Mo wá ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe rí: páìpù tó gbé gáàsì wá sílé kì í ṣe tiwọn, ẹni tó ni ín ń gba owó lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, yálà o lò ó tàbí o kò lò ó.

“Ṣe bí ìṣákọ́lẹ̀ ni,” ni màmá mi wí, wọ́n sì ń bá ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já lọ.

Ìṣákọ́lẹ̀ ni lóòótọ́. Ẹni tó bá dá oko sórí ilẹ̀ onílẹ̀ mọ̀ pé yálà kòkó so, yálà kò so, onílẹ̀ yóò gba tirẹ̀. Mo ti ka àwọn ìwé èdè-ìperí tí Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú wọn, mo sì mọ iyì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún wa. Láìsí wọn, n kò ní ní olùwà àti àbọ̀ tí mo fi ń fọ́nnu lókè yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí màmá mi gbà, kí a fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó ti wà lójú dípò kí a gan òmíràn pọ̀, ni mo rò pé a kì í lò tó. Èmi wá ọ̀rọ̀ tuntun fún odindi wákàtí kan. Wọ́n ti ní tiwọn láti oko.

Ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò mítà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà. Bíìlì tuntun dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó fi díẹ̀ lé ní £105. £50 ti lọ láìpa iná kankan, kìkì nítorí lẹ́tà kan.

Síbẹ̀ £105 kò kéré. Láti jẹ́ kó yé ilé wa, mo ṣírò rẹ̀ sí sílíńdà. Kílò kan gáàsì ìdáná wa ní ooru tó tó nǹkan bí 13.7 kWh nínú, nítorí náà sílíńdà olókìlò 12.5 tó kún jẹ́ nǹkan bí 170. Ẹ̀gbọ́n mi jó sílíńdà mẹ́sàn-án ó dín díẹ̀ lóṣù kan. Tiwa a máa lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. “Kí ni wọ́n ń sè?” ni màmá mi béèrè, wọn kò sì ṣàwàdà.

(Gáàsì méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́. Ti inú sílíńdà wa jẹ́ propane àti butane. Ti inú páìpù wọn jẹ́ methane, irú èyí tí a ń sọ di olómi ní Bonny tí a sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sókè òkun láti ọdún 1999. Nígbà tí Rọ́ṣíà kógun wọ Ukraine ní oṣù kejì 2022 tí gáàsì sì di ọ̀wọ́n káàkiri Yúróòpù, iye tí Ofgem dá fún ilé kan tí lílò rẹ̀ kò pọ̀ tí kò kéré, gáàsì àti iná pa pọ̀ fún ọdún kan, fò láti £1,277 dé £3,549 kó tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Ìjọba wọn ló dá a dúró sí £2,500. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ó ti wá sí £1,738. Ẹni tó bá ń sọ pé ó ti wálẹ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì padà síbi tó ti gbéra.)

Báyìí ni a ṣe dé orí bí wọn yóò ṣe dín in kù láìjẹ́ kí òtútù pa àwọn ọmọ. Mo ka ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni pé kí ènìyàn wọ ẹ̀wù sí i kó sì dín ooru kù. Fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó dára. Fún àwọn ọmọ ọdún kan àti ààbọ̀ tó ń wúkọ́, n kò gbà. Àjọ tó ń mójú tó ìlera aráàlú níbẹ̀ ní kí yàrá tí ènìyàn ń jókòó sí má dín sí ìwọ̀n 18 lórí Celsius nígbà òtútù, pàápàá bí àìlera tàbí ọmọ kékeré bá wà nílé. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé 18 ni ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ìṣirò wa yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a lé jáde ni hítà oníná yẹn. Kò tóbi, ó sì dà bíi pé ó ń dá owó sí nítorí pé yàrá kan ló ń yá. Ṣùgbọ́n 24.86p ni kWh iná nígbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti gáàsì. Hítà tó ń jẹ kilowatt méjì ń jẹ 50p ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá fi gáàsì pèsè ooru yẹn kan náà láti inú bọ́ílà tó dára, nǹkan bí 14p ni. Ẹ̀rù bíìlì gáàsì ń lé wọn lọ sínú bíìlì iná.

Lẹ́yìn náà, màmá mi béèrè ìbéèrè kan tó ṣe iṣẹ́ ju gbogbo ohun tí mo kà lọ. “Níbo ni ewé ti ya?”

Ẹni tí kò bá ti ìlú kòkó wá lè má mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí a bá la kòkó tán, a kì í sá a lọ́jọ́ náà. A ó kó èso tútù yẹn jọ ní òkìtì sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó fi ewé bò ó pátápátá, a ó gbé igi lé e kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Yóò wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, a ó sì máa yí i. Láìsí iná, láìsí oòrùn, inú rẹ̀ yóò gbóná tó 45 sí 50 lórí Celsius. Bí o bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, o ó yọ ọ́ kíá. Ibẹ̀ ni adùn kòkó ti ń wá. Ṣùgbọ́n bí ewé bá ya níbì kan, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kò ní gbóná, èso ibẹ̀ kò sì ní dára. Bí òkìtì bá kéré jù náà, kò ní gbóná. Màmá mi ti ń ṣe é láti kékeré. Wọn kò mọ bọ́ílà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kí ènìyàn tó wá ooru kún ooru, kó kọ́kọ́ wá ibi tí èyí tó ní ń gbà jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ wọn bá ń wá ibi tí ewé ti ya. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, wọ́n rin gbogbo ilé, wọ́n ń na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ihò tí wọ́n ń gbà ju lẹ́tà sínú ilé ń fẹ́ bíi fáànù. Abẹ́ ilẹ̀kùn iwájú náà. Nínú yàrá ìgbàlejò, ihò ààrò àtijọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò dáná sí mọ́, òkè òrùlé ni èéfín rẹ̀ ń gbà jáde láyé ọjọ́un. Ooru ilé náà ń bá ọ̀nà ibẹ̀ lọ ní gbogbo òru. Wọ́n ra búrọ́ọ̀ṣì ihò lẹ́tà, wọ́n ká aṣọ àtijọ́ sí abẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì gba àṣẹ onílé kí wọ́n tó fi nǹkan tó ṣe é yọ dí ihò ààrò. Wọ́n sún àga gígùn kúrò níwájú rédíétọ̀, nítorí ẹ̀yìn àga ni wọ́n ń fi owó wọn yá. Gbogbo rẹ̀ kò tó £30.

Lẹ́yìn ewé, ó kan ààrò fúnra rẹ̀. Bọ́ílà wọn jẹ́ irú èyí tí kò ní táǹkì omi. Bí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ omi ló ń gbóná. Bọ́tìnnì méjì ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kan ní àwòrán ẹ̀rọ omi, èkejì ní àwòrán rédíétọ̀. Ẹni tó fi ṣe é ti yí ti rédíétọ̀ dé nǹkan bí 80. Irú bọ́ílà ayé òde òní yìí ní ọgbọ́n kan: ó máa ń gba ooru padà lára oruku tó fẹ́ bá páìpù jáde, bí ìdérí ìkòkò mọ́ínmọ́ín ṣe ń gba oruku tó sì ń ro ó padà bí omi. Ṣùgbọ́n bí omi tó ti àwọn rédíétọ̀ padà wá bá gbóná ju nǹkan bí 55 lọ, oruku yẹn kò ní di omi. Owó ni yóò máa bá páìpù jáde lọ. Wọ́n dín in sí 60. Rédíétọ̀ kì í jó ọwọ́ mọ́, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ kí yàrá tó gbóná, ṣùgbọ́n ó ń gbóná. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá ní táǹkì omi gbígbóná kó ṣọ́ra níbí: omi inú táǹkì gbọ́dọ̀ dé 60 ó kéré tán, nítorí kòkòrò àrùn tó lè máa dàgbà nínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́.

Àríyànjiyàn wà lórí ohun kékeré ara ògiri tí wọ́n fi ń yan bí ilé yóò ṣe gbóná tó. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń yí i sí 30 bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, kí ilé lè tètè gbóná. Kì í tètè gbóná. Bọ́ílà ń ṣiṣẹ́ bákan náà bí o bá ní 19 tàbí 30. Ìyàtọ̀ ni pé ti 30, kò ní dúró. Èyí kò gba àlàyé púpọ̀ nílé wa. Ẹni tó bá ti ń se ẹ̀wà mọ̀ pé bí omi bá ti hó, iná tó pọ̀ sí i kò ní mú ẹ̀wà tètè jinná, gáàsì nìkan ni yóò tètè tán.

Àwọn ọmọ ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń yá dáadáa. Wọ́n dín rédíétọ̀ yàrá tí ẹnikẹ́ni kò lò kù, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Dúdú tó ń hù lára ògiri yàrá àwọn ọmọ, tí gbogbo wa rò pé òtútù nìkan ló fà á, wá láti ara aṣọ tútù tí wọ́n ń sá sínú yàrá náà. Ilé-ìwẹ̀ ni wọ́n ń sá a sí báyìí, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí díẹ̀ àti ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n fọ ògiri. Ikọ́ yẹn fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, n kò sì ní sọ pé èmi ni mo wò ó sàn.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, wọ́n ka mítà lẹ́ẹ̀kan sí i. Yúnìtì 96 láàárín ọjọ́ 28: nǹkan bí 1,077 kWh, £68.28, ìṣákọ́lẹ̀ £8.86. £77.14 lápapọ̀, hítìn sì wà ní títàn. Ọjọ́ inú oṣù kejì kò pọ̀ tó ti oṣù kìíní, òtútù náà lè ti dín díẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ yẹn ni ọwọ́ wa mú wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni.

Ní ti owó ilé-ìwé, màmá mi parí ọ̀rọ̀ yẹn kí a tó ka mítà kankan. Ní oṣù kejìlá 2024, iye kòkó ní ọjà àgbáyé ti kọjá $12,000 fún tọ́ọ̀nù kan, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, a sì rí díẹ̀ nínú rẹ̀ ní Ìdànrè. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìpè yẹn. “Kòkó lówó lórí lọ́dún yìí. Èmi ni n ó san owó ilé-ìwé rẹ̀. Ìwọ, tan nǹkan yẹn fún àwọn ọmọ mi.” Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ jiyàn. Màmá mi ti pa fóònù.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ti ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lọ́hùn-ún, àwọn mìíràn sì ń tọ́jú ìwé tiwọn lọ́wọ́. Ẹ ya fọ́tò mítà ní ọjọ́ tí ẹ bá kó wọlé, kí ẹ tó gbé àpótí kankan wọlé. Ẹ máa kà á ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù. Bí ẹ bá rí E, ẹ má san án kí ẹ tó bi wọ́n.

Ní oṣù keje 2025, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, oúnjẹ àti omi ìwẹ̀ nìkan ni wọ́n fi gáàsì ṣe. £12.79 ni ti gáàsì, £9.24 ni ti ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi bíìlì náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa, wọ́n sì kọ “ìṣákọ́lẹ̀” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ọmọ Yorùbá ní Leeds ti ń pè é bẹ́ẹ̀ báyìí, wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú bi wọ́n pé ta ni baálẹ̀.

Ohun kékeré ara ògiri yẹn ni kò tíì lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè é ní tẹ́mọ̀. Màmá mi ń pè é ní “èyí tí ọkọ rẹ máa ń yí yẹn”. Mo ti dá “amọ̀wọ̀n-ooru” lábàá, wọ́n sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òtútù ọdún yìí ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi ránṣẹ́ sí olóòtú.